Wọ́n Gé Ìyá Mi Kúrò Nínú Fíìmù

Lọ́ńdọ̀nù,
9 Oṣù Kejì, 1992

Bàbá mi,

Aṣálámù àlékún. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Màmá Àìṣátù ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n kírun ní ìdúró? Òtútù ibí yìí ń wọ èèyàn dé egungun, ṣùgbọ́n àlùhámúdúlílàhì, mo ń ṣiṣẹ́ mi nílé àwọn arúgbó, wọn ò sì tíì lé mi.

Bàbá, mo rí fíìmù náà. Lọ́rì Pupa tí ẹ ti ń ròyìn fún mi láti kékeré. Lọ́jọ́ Sátidé, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ni mo bá rí lọ́rì pupa lára páálí kan, tí ibùdókọ̀ Kejétíà ní Kùmásí wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo sanwó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo sáré délé, mo tilẹ̀kùn, mi ò jẹun. Mo wé gèlè kí n tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, bí ìyàwó tó fẹ́ lọ kí àna.

Màmá mi ò sí níbẹ̀.

Mo wò ó nígbà mẹ́fà. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì ní Kejétíà bí ẹ ṣe wí. Ó nu ojú, ó ra obì, ó lọ. Kò sí obìnrin kankan ní apá ọ̀tún tó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú nítorí oòrùn. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mi ò mọ ojú ìyá tó bí mi. Ẹ ní Àfáà Táhírù, bàbá wọn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ọmọ òun ní fọ́tò rí, pé àwòrán kan ṣoṣo tó kù láyé ni ti inú fíìmù yẹn. Èwo wá ni mo wò yìí? Ṣé ìtàn tí ẹ fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni? Tó bá jẹ́ ìtàn ni, ẹ sọ fún mi, nítorí nǹkan náà ti ń rí mi lára.

Ọmọ yín,
Sàbírátù


Dichemso, Kùmásí,
2 Oṣù Kẹta, 1992

Sàbírátù ọmọ mi,

Wàálékù sàlámù. Lẹ́tà rẹ dé, a dúpẹ́. Ààwẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, orúnkún Àìṣátù ṣì wà bó ṣe wà, ó ní kí n kí ọ.

Ṣé èmi ni o ń bi bóyá mo purọ́ fún? Ó dáa náà. Ọmọ tó bá ti wọ bàtà òtútù ló ń bi bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi Sàlàkọ́ ni mo yí fíìmù yẹn fún oṣù mẹ́ta gbáko nílé sinimá wa nítòsí Kejétíà, ní 1968. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ Fátíhà. Nígbà tí àwọn òyìnbó wá yà á, èmi ni wọ́n gbà láti máa ti èrò sẹ́yìn fún wọn, èmi náà ni mo fa ìyá rẹ lọ́wọ́ tí mo ní kó dúró síbẹ̀. O ò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà náà, ọ̀dọ̀ Àìṣátù tó padà wá tọ́ ọ dàgbà lo wà.

Tún lọ wò ó dáadáa. Má wo awakọ̀ náà, òun kọ́ lo bá lọ. Wo tábìlì obì. Igbá mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Ràzíátù ìyá rẹ wà lẹ́yìn igbá kẹta, ó wé gèlè aláwọ̀ ewé. Bí o ò bá rí i, á jẹ́ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ, kí o dá a padà fún wọn, kí o sì bú wọn díẹ̀ fún mi.

Bàbá rẹ,
Sàlàkọ́ Abọ́dẹrìn


Lọ́ńdọ̀nù,
29 Oṣù Kẹta, 1992

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín.

Igbá kan àti ààbọ̀ ni mo rí. Mo fi ìka lé ojú tẹlifíṣọ̀n, mo kà á: igbá kan, ìdajì igbá kejì, ó parí. Ibẹ̀ ni igi tó yí tẹlifíṣọ̀n ká ti bẹ̀rẹ̀. Igbá kẹta ò sí, gèlè aláwọ̀ ewé ò sí. Kásẹ́ẹ̀tì yìí kì í sì í ṣe ayédèrú, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ wọn wà lára páálí rẹ̀.

Mo bínú sí yín fún ọjọ́ mẹ́ta, mo tún bínú sí ara mi. Mo ti fi kásẹ́ẹ̀tì náà rán Adéfọlá tó ń bọ̀ wá kí àwọn ará ilé rẹ̀ ní Kùmásí lẹ́yìn Ìtúnu. Ẹ wò ó fúnra yín, kí ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí. Ẹ má fi ohun tí ẹ rántí dá mi lóhùn, mo bẹ̀ yín.

Sàbírátù


Dichemso,
17 Oṣù Karùn-ún, 1992

Sàbírátù,

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. O ò ṣìwò, èmi náà ò purọ́. Àwọn kan ló hùwà ẹranko.

Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sọ́dọ̀ Kwaku, ọmọkùnrin tó ní ilé fídíò lẹ́yìn wa níbí. Ó gbé bẹ́ǹṣì kalẹ̀ fún mi níwájú pátápátá. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ibi tí awakọ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ ti ń jà nínú ọkọ̀, imú ọ̀gá nìkan ni mo rí. Ọkùnrin náà ń fi imú sọ̀rọ̀! Ibi tí lọ́rì ti ń gba afárá kọjá tí odò lọ salalu ní ọ̀tún àti ní òsì, kò sí odò mọ́, afárá lásán ni. Nígbà tó kan ti Kejétíà, mo na ọrùn bí ẹni pé bí mo bá yọjú dáadáa màá rí ẹ̀yìn igi tẹlifíṣọ̀n náà. Kwaku ní kí n rọra, pé ọrùn mi á kán.

Jẹ́ kí n là á yé ọ. Fíìmù yẹn gbòòrò, ìbú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ lọ. Lẹ́ńsì ńlá kan wà tí a máa ń fi síwájú ẹ̀rọ kó tó lè tẹ́ ara rẹ̀ sára ògiri. Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ìbú àti gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kàkà kí wọ́n mú àwòrán náà kéré títí gbogbo rẹ̀ á fi wọlé, ṣe ni ẹnì kan jókòó nínú ọ́fíìsì, tó ń mu tíì, tó ń gé ọ̀tún, tó ń gé òsì. Ó dà bí ẹni mú odindi ìró, tó gé e di ìborùn, tó wá ní òun ti tà á ní odindi.

Ó rí mi lára, Sàbírátù. Ta ló fún ọkùnrin yẹn láṣẹ láti yan ẹni tí a máa rí àti ẹni tí a ò ní rí? Bí kò bá rí obìnrin tó dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ fọ́. Bí ó bá rí i tó sì gé e, ọkàn rẹ̀ ló fọ́. Lọ bá wọn níbẹ̀. Sọ fún wọn pé èèyàn ni wọ́n gé dànù.

Bàbá rẹ


Lọ́ńdọ̀nù,
21 Oṣù Kẹfà, 1992

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá. Mo gbọ́ pé ẹran yín sanra.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n dá mi lóhùn ní ìlà mẹ́rin. Wọ́n ní àwọn oníbàárà ò fẹ́ rí ohun dúdú lókè àti nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n wọn, pé wọ́n máa ń rò pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Ẹ gbọ́ o. Nítorí kí àwọn èèyàn má bàa rò pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ, wọ́n kúkú rẹ́ wọn jẹ. Mo fẹ́ ya lẹ́tà náà, mo wá fi pamọ́ kí inú lè máa bí mi lọ.

Mi ò dá wà nínú ìbínú yìí. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fídíò sọ fún mi pé àwọn olólùfẹ́ fíìmù kan máa ń pàdé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù òun lọ́jọ́ Sunday, kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe ju kí wọ́n máa bú àwọn tó ń gé fíìmù. Mo lọ. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nítorí ẹṣin mẹ́rin tí wọ́n gé di méjì. Mo ní tèmi kì í ṣe ẹṣin, ìyá mi ni. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣètò láti gbé Lọ́rì Pupa jáde ní odindi, pẹ̀lú dúdú lókè àti nísàlẹ̀, bóyá kí ọdún yìí tó parí. Mo ti kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn, Kùmásí ló ti wá, Yaw lorúkọ rẹ̀, ó ti lé ní ogójì ọdún. Ó ní òun wo fíìmù náà nílé sinimá yín gan-an. Màá wá àyè bá a sọ̀rọ̀.

Sàbírátù


Lọ́ńdọ̀nù,
6 Oṣù Kẹsàn-án, 1992

Bàbá,

Aṣálámù àlékún.

Mo bá Yaw sọ̀rọ̀. Mo ní kó ròyìn ibi tí awakọ̀ ti ra obì fún mi. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fi èdè Twi sọ fún mi pé ti Kùmásí tilẹ̀ burú ju ti fídíò lọ. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí awakọ̀ náà bá ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Kejétíà, aṣọ dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sinimá á rìn wá láti apá ọ̀tún, á bo apá kan àwòrán, tí ó bá sì ti ra obì tán, aṣọ náà á padà. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá lòun wo fíìmù náà, ẹ̀ẹ̀mẹwàá náà ni aṣọ ń rìn. Àwọn ọmọ ìlú á máa súfèé, wọ́n á máa bú ẹni tó ń yí fíìmù. Ó ní òun ò tíì rí obìnrin kankan níbẹ̀ rí.

Ẹ̀yin lẹ ń yí fíìmù, Bàbá.

Aṣọ kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹ ti bú ọkùnrin tó ń mu tíì ní ọ́fíìsì, ẹ ní ọkàn rẹ̀ fọ́. Ta ló ń fa aṣọ yẹn? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mo ń dúró de òtítọ́ yín.

Sàbírátù


Lọ́ńdọ̀nù,
1 Oṣù Kọkànlá, 1992

Bàbá,

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Adéfọlá ní òun rí yín ní Suame Magazine níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ẹ ń bá àwọn ẹlẹ́rọ ṣeré, ara yín le koko. Á jẹ́ pé kì í ṣe àìsàn.

Sàbírátù


Dichemso,
20 Oṣù Kọkànlá, 1992

Sàbírátù ọmọ mi,

Kì í ṣe àìsàn. Ìtìjú ni. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí nígbà mẹ́rin, mo sì fa gbogbo wọn ya.

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo ń fa aṣọ náà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà tí fíìmù dé Kùmásí ní 1968, èmi ni mo kọ́kọ́ wò ó. Mo rí ìyá rẹ lára ògiri, ó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Inú mi dùn débi pé mo lọ ń sọ ọ́ káàkiri àdúgbò wa ní Sóńgò. Ẹnu mi yìí ló ba nǹkan jẹ́. Kó tó di ọjọ́ tí èrò máa wọlé, Àfáà Táhírù gun àtẹ̀gùn wá bá mi níbi ẹ̀rọ, lẹ́yìn ìrun Làásàrì. Kò jókòó. Ó ní, “Sàlàkọ́, ọjọ́ tí ọkùnrin kan bá rí ojú ọmọ mi lára ògiri yẹn, ọjọ́ náà ni màá wá mú un kúrò nílé rẹ, tòun tọmọ.” Ó sọ̀kalẹ̀ lọ. O mọ̀ pé ohun tí bàbá yẹn bá wí ló máa ṣe.

Ẹ̀rù bà mí. Aṣọ dúdú wà ní ọ̀tún àti ní òsì ògiri náà, tí a máa ń fà wọlé nígbà tí a bá fẹ́ yí àwọn fíìmù àtijọ́ tí ò fẹ̀. Sùlèímọ̀n ẹlẹ́rọ ní Suame ló bá mi fa okùn rẹ̀ gba ara ògiri dé ibi tí mo máa ń dúró sí. Mo di okùn apá ọ̀tún mú. Ní gbogbo ìgbà tí lọ́rì bá ti yà sí Kejétíà, mo fà á. Lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n ń súfèé, wọ́n ń bú ìyá mi, mo sì ń fà á.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ ò mọ̀ pé aṣọ wà níbẹ̀, ó ń bọ́ lé e lórí bákan náà. Ẹni tó bá mọ ibi tó máa wò á rí i fírífírí lórí dúdú náà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ fún ọ pé ó wà níbẹ̀, tí mi ò fi purọ́.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù rèé. Ràzíátù bẹ̀ mí pé kí n yí i fún òun nìkan lọ́jọ́ kan, kí òun rí ara òun, bó ṣe ìṣẹ́jú kan. Mo ní ó dọ̀la. Mo ń sọ ó dọ̀la títí fíìmù fi lọ sí Accra. Lọ́dún kejì, wọ́n ní kí àwa àlejò kúrò ní Ghana, a kó lọ sí Ìlọrin, ibà mú un níbẹ̀, kò lo ọ̀sẹ̀ méjì. Láìsí òun ni a padà wá sí Kùmásí. Kò rí ara rẹ̀ rí.

Nítorí náà, nígbà tí mo ń bú ọkùnrin tó ń mu tíì, ara mi ni mo ń bú. Òun ò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n, mo fẹ́ ẹ, mo sì gé e. Mo kó ara mi nírìíra. Bí o ò bá fẹ́ kọ̀wé sí mi mọ́, mi ò ní bú ọ.

Sàlàkọ́


Lọ́ńdọ̀nù,
14 Oṣù Kejì, 1993

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ gbọọrọ. Mo ka lẹ́tà yín níbi iṣẹ́, mo lọ bì nínú ilé ìwẹ̀ àwọn arúgbó. Kì í ṣe fífà tí ẹ fa okùn ló bí mi nínú jù. “Ó dọ̀la” yẹn ni.

Odindi fíìmù náà jáde lọ́jọ́ Tuesday. Dúdú wà lókè, dúdú wà nísàlẹ̀, àwòrán wá tẹ́ sí àárín tẹ́ẹ́rẹ́. Dúdú tiwọn ò bo ẹnikẹ́ni. Odò wà lábẹ́ afárá. Ọ̀gá awakọ̀ ní ojú méjì. Lọ́rì yà sí Kejétíà, mo sì ń ka igbá: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.

Mo rí wọn, Bàbá. Gèlè aláwọ̀ ewé. Wọ́n kéré, wọn ò ju èkánná àtàǹpàkò mi lọ, ṣùgbọ́n ojú wọn hàn. Iwájú orí mi ni tiwọn. Wọ́n fi ọwọ́ òsì ṣíji bo ojú, bí èmi náà ṣe máa ń ṣe é tí Màmá Àìṣátù á ní kí n fi ọ̀tún ṣe é. Ẹnu wọn ń mì, wọ́n ń bá ẹnì kan tí a ò rí sọ̀rọ̀, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Ó parí. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo ti wò ó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Inú ṣì ń bí mi sí yín. Màá sọ fún yín lọ́jọ́ tó bá tán.

Mo ti fi kásẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́. Mi ò ní kí ẹ wò ó nìkan. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Kwaku lọ́sàn-án gangan, kí ẹ pe Màmá Àìṣátù, kí ẹ pe gbogbo ẹni tó súfèé nígbà náà tó bá ṣì wà láyé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí màmá mi. Ẹ tún sọ fún mi, kí ni màmá mi ń sọ nínú fíìmù náà, ta sì ni wọ́n ń sọ ọ́ fún?

Sàbírátù


Dichemso,
28 Oṣù Kẹta, 1993

Sàbírátù ọmọ mi,

A ṣe Ìtúnu tán ní àlàáfíà. Ní ọjọ́ kejì ọdún, mo ṣe ohun tí o ní kí n ṣe.

Ilé fídíò Kwaku kún. Àìṣátù wọ aṣọ ọdún rẹ̀, wọ́n gbé àga fún un níwájú nítorí orúnkún. Bí fíìmù ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ariwo sọ. Wọ́n ní kí ni dúdú yìí, wọ́n ní àwọn òyìnbó ti gé òkè, wọ́n ti gé ìsàlẹ̀, wọ́n ní ìríra gbáà ni, kí Kwaku dá owó àwọn padà. Kwaku ní, “Baba, TV no asɛe,” pé tẹlifíṣọ̀n náà ti bàjẹ́, ó sì dìde láti lọ yí bọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n náà. Mo ní kò bàjẹ́, pé odindi rẹ̀ ni wọ́n ń wò yìí, pé ẹni tí kò bá fẹ́ odindi kó máa lọ. Mo bínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi jókòó.

O bèèrè ohun tí ìyá rẹ ń sọ. Èmi ló ń sọ ọ́ fún. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, mo ń ti èrò sẹ́yìn. Ó ní, “Ṣé mo dúró dáadáa?” Mo mi orí fún un pé ó dúró dáadáa. Ìyẹn ló fi rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ wá yọ. Àìṣátù nìkan ló ní, “Ràzíátù nìyẹn,” jẹ́jẹ́, bí ẹni rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jà. Omi bo ojú mi, ṣùgbọ́n mo rí i kedere. Kí ó tó yọ, bí lọ́rì náà ṣe ń yà sí Kejétíà, ọwọ́ ọ̀tún mi dìde fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wá okùn. Kò sí okùn níbẹ̀.

Bàbá rẹ,
Sàlàkọ́